Àgádágodo Tí A Kò Fọ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Kọ́kọ́rọ́ àti Ààbò Ilé



Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844, ni ẹ̀kọ́ ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó tí irú ẹgbẹ́ wa dúró lé. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ èlé tàbí èyáwó. Ọ̀rọ̀ àgádágodo ni a fẹ́ sọ. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, "Kí ni ti àgádágodo nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?" Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan ní ìtòsí Bẹyẹrúnkà nígbà náà. Inú àpótí onírin kan ni owó wa máa ń wà kí a tó kó o lọ sí báǹkì ní ìparí oṣù, abẹ́ ibùsùn akápò ni àpótí náà sì ń gbé. Opó ni akápò wa. Èlùbọ́ ni ó ń tà ní Ọjà'ba, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tí kò mọ̀ pé kì í fọwọ́ kan ohun olóhun. Àgádágodo kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu àpótí. Ọmọ kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n bá a wá láti ọjà: akápò so ọ̀kan mọ́ etí ìró rẹ̀, a sì fi èkejì sínú àpótí fúnra rẹ̀ kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ ìpàdé kan, a gbé àpótí jáde. Àgádágodo wà ní títì, kò sí ojú ibi tí a fi nǹkan họ ọ́. Akápò ṣí i lójú gbogbo wa. Nígbà tí a ka owó, ó dín. Èyí tí ó ju ìdajì lọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tí ó pariwo. Ojú gbogbo wa kàn yí sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni. Alàgbà kan ló sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa jáde: "A kò fọ́ àgádágodo. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó wá sọ fún wa." Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo sì fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Obìnrin náà tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, alága wa mú àgádágodo náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tí ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe ní Bẹẹrẹ. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fa ìdì ògbólógbòó kọ́kọ́rọ́ kan yọ lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Èkínní kò ṣí i. Èkejì kò ṣí i. Ẹ̀kẹta yí wọ́ọ́rọ́, àgádágodo sì là. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, irú èyí tí ẹ rà yìí, bí ẹ bá kó ogún rẹ̀ jọ, ẹ ó rí i tí ọmọ ọ̀kan ń ṣí òmíràn. Ṣé nítorí èyí ni ẹ fi ba ọmọlọ́mọ lórúkọ jẹ́?"

Owó náà kò padà, a kò sì mọ ẹni tí ó kó o títí di òní. A lọ bẹ akápò nílé rẹ̀. Ó gba ẹ̀bẹ̀, ó sì ń wá sí ìpàdé bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba àpótí mọ́ láéláé. Ìlà tí mo fà sí ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú ìwé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí kò mọ bí àgádágodo ṣe ń ṣiṣẹ́ lè fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ó sì tún lè pe aláìṣẹ̀ ní olè.

Bí àwọn baba wa ṣe ń ti ilé

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn jẹ́ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣàjèjì sí wa. Ní ìgbà Balógun Ìbíkúnlé, ní àárín ọ̀rúndún 19, wọ́n mọ odi yí ìlú ká, oníbodè sì ń jókòó sí ẹnu ibodè. Nínú ìlú, agbo ilé kọ̀ọ̀kan dà bí odi kékeré: ẹnu ọ̀nà ńlá kan, ìloro kan, yàrá sì yí àgbàlá ká. Ẹni tí yóò bá wọlé ní láti gba iwájú àwọn àgbà tí ó jókòó nínú ìloro kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a ti ilẹ̀kùn ńlá, wọn a sì fi igi dábùú rẹ̀ láti inú. Ìdábùú yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá. Ohun tí ó mú un lágbára ni pé ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó kòkó dé, tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti òrùlé páànù sì dé. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Mápó lónìí, níbi tí a ṣí gbọ̀ngàn ìlú sí ní ọdún 1929, yóò rí páànù lọ súà títí dé Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Lábẹ́ àwọn páànù yìí, ọ̀pọ̀ agbo ilé ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta, mẹ́rin. Ilẹ̀kùn ti kọjú sí títì. Ayálégbé wà, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní àgádágodo tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ojú àwọn àgbà ń ṣe nínú ìloro ni a wá gbé lé irin kékeré tí a rà lọ́jà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bóyá ó lè rù ú.

Ohun tí ó wà nínú àgádágodo

Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti òní. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi igi ṣe irú rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ní Áfíríkà wa níhìn-ín, àwọn Dogon àti Bambara ní ilẹ̀ Mali ní tiwọn tí wọ́n fi igi gbẹ́ dáradára. Nínú rẹ̀, àwọn èèkàn wẹ́wẹ́ a já bọ́ sínú ihò ara ìdábùú, wọn a sì dè é mọ́lẹ̀. Eyín tí ó wà lára kọ́kọ́rọ́ ni yóò ti àwọn èèkàn náà sókè kí ìdábùú tó lè ṣípò. Ní ọdún 1861, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Linus Yale gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí ó fi irin ṣe, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kéré tí ó sì pẹlẹbẹ. Ó tún un ṣe sí i ní ọdún 1865. Irú rẹ̀ ni ó wà lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àti àgádágodo tí à ń lò títí di òní, orúkọ ọkùnrin náà ni àwa náà sì fi ń pe kọ́kọ́rọ́ Yale.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Irin róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ tí ó sì ń yí. Ihò bíi márùn-ún ni a lu wọ inú irin yìí láti òkè. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, irin tín-ín-rín méjì jókòó lé ara wọn, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n wálẹ̀. Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, àwọn irin tín-ín-rín wọ̀nyí dábùú ojú ibi tí ó yẹ kí ó yí, gẹ́gẹ́ bí igi ṣe ń dábùú ilẹ̀kùn. Bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gan-an bá wọlé, gígẹ̀rẹ́ àti jíjìn ara kọ́kọ́rọ́ náà yóò gbé olúkúlùkù wọn dé ibi tí ó tọ́, kò ní ga jù, kò ní rẹlẹ̀ jù. Nígbà náà ni irin róbótó náà yóò yí. Bí ẹyọ kan péré bá ṣẹ́ kù tí kò tíì dé àyè rẹ̀, kò ní yí.

Kí ló wá dé tí ẹlòmíràn fi lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́? Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ tí ó lè gbẹ́ irin kí gbogbo ihò rẹ̀ dọ́gba láìyẹ̀. Àyè díẹ̀ a máa ṣẹ́ kù níbì kan. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò lo àyè yẹn, yóò fi sùúrù tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àgádágodo bá ṣe dára tó ni àyè náà ṣe kéré tó. Nínú èyí tí kò dára, àyè pọ̀, irin tín-ín-rín inú rẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ, àwọn tí ó ṣe é kò sì ge kọ́kọ́rọ́ sí oríṣi púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ará Lábíran fi lè ṣí àpótí ará Bẹyẹrúnkà láìjẹ́ pé àjẹ́ wà níbẹ̀.

Àwọn tí ń fi ṣíṣí kọ́kọ́rọ́ dánra wò

Ní ọdún 1784, Joseph Bramah ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe kọ́kọ́rọ́ kan tí ó dá a lójú. Wọ́n gbé ọ̀kan sí ojú fèrèsé ilé ìtajà rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí ó bá lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ yóò gba gíníì 200. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó rí i ṣe. Bramah kú ní ọdún 1814, àgádágodo náà ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1851, nígbà tí gbogbo ayé péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún Ìpàtẹ Ńlá, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs dé. Ó kọ́kọ́ ṣí kọ́kọ́rọ́ Chubb tí wọ́n ń fi yangàn, kò sì gbà á tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ó kojú ti Bramah. Ó gbà á ní wákàtí 51, tí ó pín sí ọjọ́ 16, ṣùgbọ́n ó ṣí i.

Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn. Wọ́n ní ó ń kọ́ olè ní olè jíjà. Hobbs dá wọn lóhùn pé olè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ni olóòótọ́ tí ń fi owó rẹ̀ ra kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ti túbọ̀ múra sí i.

Lónìí, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n fi ṣe eré ìdárayá, bí ẹlòmíràn ti ń ta ayò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1997, irú rẹ̀ sì wà ní Holland àti Amẹ́ríkà. Òfin méjì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Èkínní: má ṣe ṣí ohun tí kì í ṣe tìrẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ olóhun. Èkejì: má ṣe fi èyí tí a ń lò lọ́wọ́ dánra wò, kódà bí ó bá jẹ́ tìrẹ, nítorí ó lè bà jẹ́. Àwa yóò fi ẹ̀kẹta kún un níhìn-ín: òfin ilẹ̀ wa kò fi ojú rere wo ẹni tí a bá ká irinṣẹ́ ìfọ́lé mọ́ lọ́wọ́ ní òru láìní ìdí tí ó tọ́. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ mọ ọgbọ́n yìí, ẹ ra àgádágodo ògbólógbòó fún un, kí ó tú u palẹ̀ lórí tábìlì ní ọ̀sán gangan, kí ó sì tún un tò padà. Bóyá oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ibi tí olè ń gbà gan-an

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Hobbs dẹ́rù bà yín. Olè tí ó wá sí Bẹẹrẹ ní òru kò ní wákàtí 51. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ní, ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni ó sì ń wá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ibi tí ògiri ti ń lanu.

1. Irin tí a fi àgádágodo kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ra àgádágodo olówó ńlá, wọ́n sì fi ìṣó kéékèèké kan irin ìkọ́ rẹ̀ mọ́ pákó. Olè kò ní fọwọ́ kan àgádágodo. Irin ìkọ́ ni yóò fà tu. Ẹ lo bóòtù tí ó gba inú ilẹ̀kùn kọjá, kí nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú yàrá. Bí ó bá jẹ́ súkúrù ni, kí irin náà bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá tì í.

2. Òpó ilẹ̀kùn. Nínú ilé alámọ̀ wa, òpó ilẹ̀kùn a máa mì bí ó bá pẹ́. Bí òpó bá ń mì, kọ́kọ́rọ́ kò ní ibi tí yóò dì mú. Ẹ pe káfíńtà àti bíríkìlà kí wọ́n fi irin gùn ún mọ́ ògiri, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí i.

3. Àgádágodo fúnra rẹ̀. Ẹ yan èyí tí ó wúwo, tí apá rẹ̀ nípọn, tí àyè kò sì pọ̀ láàárín apá náà àti irin ìkọ́, kí olè má bàa rí ibi ki ọ̀pá bọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba méjì irú kan náà lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ fi ọmọ èkínní dán èkejì wò. Bí ó bá ṣí i, ẹ dá méjèèjì padà.

4. Fèrèsé. Gíláàsì fèrèsé tí a ń pè ní lúfà a máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láìfọ́. Bí kò bá sí irin lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: irin tí kò jẹ́ kí olè wọlé kì í jẹ́ kí onílé jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin fèrèsé kan, ó kéré tán, tí a lè ṣí láti inú. Kí ọmọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí gbogbo ará ilé mọ̀, tí ọwọ́ ará òde kò sì lè tó. Bákan náà ni kí ẹ ṣe sí ọmọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn àbájáde ní òru.

5. Ọmọ kọ́kọ́rọ́. Orí àtẹ́rígbà, abẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà àti inú ìkòkò òdòdó ni ibi tí olè kọ́kọ́ ń wò. Bí ayálégbé bá kó jáde, ẹ pààrọ̀ àgádágodo kí ẹlòmíràn tó wọlé. Bí ẹ bá lọ gé kọ́kọ́rọ́, ẹ dúró tì í títí yóò fi parí, kí ẹ sì gba ti àtijọ́ àti tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

6. Ojú ènìyàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ jẹ́ kí a padà bá àjèjì tí ó wọ agbo ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ káàbọ̀ o. Ta ni ẹ ń wá?" Àlejò rere yóò dúpẹ́ pé a júwe ọ̀nà fún òun. Ẹni tí ó wá fún iṣẹ́ ibi yóò mọ̀ pé a ti rí ojú òun. Ìbéèrè yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ohun tí ó kan ẹgbẹ́ wa

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17, òfin ìjọ pàṣẹ pé kí àpótí ọrẹ àwọn aláìní ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ àlùfáà, méjì yòókù lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ìjọ. Kì í ṣe pé wọ́n pe àlùfáà ní olè. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣòro láti jí owó, kí ó sì ṣòro láti pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀:

(a) Kí owó má ṣe sùn nínú àpótí bí báǹkì bá ṣí ní ọjọ́ kejì.

(b) Bí ó bá di dandan kí ó sùn, kí àpótí ní àgádágodo mẹ́ta tí kì í ṣe oríṣi kan náà, kí ọmọ wọn sì wà lọ́wọ́ alága, akọ̀wé àti akápò, láìjẹ́ pé wọ́n ń gbé agbo ilé kan náà.

(d) Kí a ka owó lójú ìpàdé nígbà tí a bá ń tì í àti nígbà tí a bá ń ṣí i, kí a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

(e) Bí owó bá sọnù, kí ìpàdé kọ ohun tí ojú rí nìkan sínú ìwé. A lè kọ ọ́ pé, "A bá àgádágodo ní títì, owó sì dín." Kí a má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn kí a tó ṣe ìwádìí.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé. Àgádágodo tí a kò fọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ó bá sọnù, ẹgbẹ́ lè tún un dá. Orúkọ rere tí a bá fi ọwọ́ ara wa bà jẹ́, èmi tí mo fa ìlà sí ìdí ọ̀rọ̀ mọ bí ó ti ṣòro tó láti tún ṣe.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ kọ́kọ́rọ́ mélòó ni ó ní, níbo sì ni àwọn yòókù wà?

2. Kí olúkúlùkù mú àgádágodo rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Mélòó nínú wọn ni ọmọ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn lè ṣí?

3. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nílé yín lóru òní, ọ̀nà mélòó ni ẹ lè gbà jáde?

4. Ǹjẹ́ a ti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni rí nínú ẹgbẹ́ wa láìṣe ìwádìí? Kí ni a lè ṣe sí i nísinsìnyí?